Kò Sí Ẹ̀dà, Kò Sí Àánú

Ọjọ́ tí Habbo Feenders fa bébà tí mo kọ páswọ́ọ̀dù mi sí ya lójú gbogbo ènìyàn, mo pinnu pé n kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí n ó fi kú. Ìpinnu náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kọ̀ǹpútà mi tún ń ṣe ségesège, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè gbé e lọ bá. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, àwa bíi mẹ́jọ máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé panápaná ní Norderwieke, abúlé wa, kálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lábíyá. Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ni gbogbo wa ń lò nílé. Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé èmi débẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ti dàgbà jù, kí n lọ ra tuntun. Mo ní, ta ló bi ọ́? Èmi náà ti dàgbà, kò tíì sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ ra tuntun. Mo dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e lọ bá Habbo. Ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, ó fi Linux rọ́pò, ó sì di ọdún mọ́kànlá báyìí tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju orúnkún mi lọ.

Èmi àti Habbo jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ kan náà ni, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí. Lẹ́tà ni èmi ń pín kí n tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń ṣọ́ afárá tí wọ́n máa ń gbé sókè fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ogójì ọdún ló fi ń pinnu ẹni tó máa kọjá àti ẹni tó máa dúró, ìwà náà kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ní òfin fún ohun gbogbo. Gba àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ rẹ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹja ọjọ́ náà tó jinná. Má tẹ ohun tí ẹni tí o kò mọ̀ bá fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹni tí o mọ̀, pè é ná kí o tó tẹ̀ ẹ́. Má fi páswọ́ọ̀dù kan ti ilé méjì. Ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe wà lójú kan. Bí ẹnìkan bá wá ń sunkún pé fọ́tò ọmọ-ọmọ òun ti pòórá, Habbo á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, "Kò sí ẹ̀dà, kò sí àánú." Lẹ́yìn náà á jókòó ti onítọ̀hún fún wákàtí mẹ́ta, á máa bá a wá fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n á ti sọ ọ́ ná.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa nìkan. Bí ẹnìkan bá fẹ́ tẹ páswọ́ọ̀dù, á ní, "Fèrèsé," gbogbo wa á sì kọjú sí fèrèsé títí onítọ̀hún á fi ní ó tó. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí wa á rò pé àdúrà là ń gbà.

Olórí òfin ni pé a kì í kọ páswọ́ọ̀dù sórí bébà. Èmi kọ tèmi. Mo fi í sínú ìwé oúnjẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, lójú ewé kéèkì ápù, nítorí olè wo ló máa jí ìwé oúnjẹ? Lọ́jọ́ kan mo gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé kí Onno, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, lè da bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì náà kọ, bébà náà bá já bọ́. Habbo mú un nílẹ̀, ó wò ó, ó fà á ya sí ọ̀nà mẹ́jọ.

"Frauke," ó ní, "o gbé lẹ́tà ènìyàn fún ọdún méjìdínlógójì, o kò ṣí ọ̀kan rí. Kí ló dé tí o wá ń ṣí tìrẹ sílẹ̀ fún gbogbo ayé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo kọ òmíràn, mo sì fi sí ojú ewé kan náà.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Habbo nínú ọgbà rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ méje nílé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ọ̀rọ̀ máa ń sá fún un bí adìẹ tí a fẹ́ mú. Imke, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Hamburg, ó wá ń tọ́jú rẹ̀. Ó gbá ilé, ó fọ aṣọ fèrèsé, ó palẹ̀ gbogbo pàǹtí mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹrin, ó pè mí.

"Àǹtí Frauke, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yà wá? Kọ̀ǹpútà Bàbá kò ṣí, kò sì jẹ́ n pe ẹnikẹ́ni."

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Habbo wà nínú yàrá rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ náà, ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Imke fà mí wọ ilé ìdáná, ó da tíì fún mi, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀.

Geeske, ìyàwó Habbo, ti kú láti ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ ìwé ọgbà, ìlà méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́: òjò, ìrì dídì, ẹyẹ tó wá, ẹni tó yà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, omi wọ yàrá abẹ́ ilé wọn, àwọn ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Habbo fi ìgbà òtútù méjì tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, bó bá ti po tíì rẹ̀ tán láàárọ̀, á ṣí ẹ̀rọ, á sì ka ohun tí Geeske kọ ní ọjọ́ yẹn gan-an, láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ọdún ìkẹyìn. Ife tíì mẹ́ta ló máa ń mu sí i. Ó ní báyìí ni òun àti ìyàwó òun ṣe ń jẹun àárọ̀.

"Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀rọ ń béèrè páswọ́ọ̀dù, kò sì rántí rẹ̀," Imke ní. "Láràárọ̀ ló ń lọ jókòó síbẹ̀. Á po tíì rẹ̀, tíì náà á tutù síwájú rẹ̀."

N kò ní purọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni, kò sí ẹ̀dà, kò sí àánú. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ dè é láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mo yọjú wo yàrá, mo rí ẹ̀yìn ọrùn Habbo, ó ti tín-ín-rín bí ti ọmọ iléèwé, ojú sì tì mí fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo gbé e mì pẹ̀lú tíì.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀dà wà. Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Imke ní Hamburg, ẹ̀kẹta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa ní ilé panápaná. Gbogbo wọn ló fi páswọ́ọ̀dù kan náà tì, gbólóhùn gígùn kan tí kò kọ síbi kankan. Ọkùnrin yìí ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo, àfi orí ara rẹ̀.

Onno dé lẹ́yìn tí iléèwé parí lọ́jọ́ náà. Ó gbìyànjú ohun tó mọ̀, ó sì mú àga, ó jókòó níwájú Habbo.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè ṣí i láyé yìí. Bí mo bá ní ó ṣeé ṣe, mo parọ́ fún yín."

"Mo tì í... dáadáa," Habbo ní. Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ohùn rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo dá kéèkì, mo gbé e lọ fún wọn. Mo bá Imke nídìí tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ti so ẹ̀dà inú dúrọ́ọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, fóònù wà létí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Mo gbọ́ tó ní kó gba ètò kékeré kan sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí òun lè wọlé láti ọ̀nà jíjìn wá bá a ṣí i.

"Ta nìyẹn?" mo bi í.

"Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní òun máa ń ṣí i fún àwọn ènìyàn."

"Pa fóònù."

"Àǹtí, ó ní ó dájú."

"Imke, ẹni tó ní òun lè ṣí ilé láìní kọ́kọ́rọ́, kí ló wá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé tìrẹ ṣe?"

Ó ṣì gbé fóònù mọ́ etí. Mo na ọwọ́, mo fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lára ògiri, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀. Imke gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún.

"Kí wá ni kí n ṣe?" ó ní. "Ẹ kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ bó ṣe ń mí níbẹ̀ láràárọ̀. Ó dà bíi pé màmá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo gbá a mọ́ra, mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Ibi tí mo ti ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn ni mo ti ń wo tábìlì Habbo láti ẹnu ọ̀nà, mo wá rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti Ọjọ́bọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ funfun, ó pẹlẹbẹ, ó mọ́ tónítóní.

"Níbo ni kíbọ́ọ̀dù bàbá rẹ wà?"

"Èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí èérún búrẹ́dì kún inú rẹ̀ yẹn? Mo kó o mọ́ àwọn wáyà àtijọ́, mo gbé e lọ sí ilé panápaná. Mo ní ẹ lè rí i lò. Mo ra èyí fún un kí inú rẹ̀ lè dùn tó bá dé."

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi jókòó tì mí pẹ̀lú bíírò, ó ní kí n máa ka ilé tó wà ní ọ̀nà mi fún òun, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. N kò lè kà ju mẹ́wàá lọ. Mo ní kó gbé kẹ̀kẹ́, ká lọ. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ń dúró níwájú ilé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, n kò sì fo ọ̀kan. Mo sọ èyí fún Imke, mo ní ìka bàbá rẹ̀ lè ṣì mọ ohun tí orí rẹ̀ gbàgbé. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àpótí kan wà ní ilé panápaná tí a kọ "Ẹni tó bá fẹ́, kó mú" sí lára. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la ti bá a, lábẹ́ wáyà tó lọ́ pọ̀ bí ìfun. Ọlọ́run ló ní kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ẹ. Ó wúwo bíi bíríkì, lẹ́tà méjì ti pa rẹ́ lára rẹ̀, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ dà bíi yìnyín lórí páànù. Ẹnu wáyà rẹ̀ kì í wọ ẹ̀rọ òde òní, ẹnu kékeré tí Habbo fi ń so ó pọ̀ sì ti sọnù, ṣùgbọ́n Onno kò ní ju ohun kan nù láé, ó bá a wá ẹnu mìíràn tó bá a mu.

Imke fẹ́ ká ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní rárá, ó di àárọ̀, ní àkókò rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú tíì.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àwa mẹ́ta, èmi, Imke àti Onno, dúró nínú yàrá Habbo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Imke fi ṣúgà olókùúta sí ìsàlẹ̀ ife, ó da tíì lé e, ṣúgà náà ń pariwo pẹ́pẹ́pẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, Imke sì kán mílíìkì ọlọ́ràá sí i létí. Habbo rí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òsì dé ọ̀tún, bí ènìyàn ṣe ń pa ajá tó sọnù tó sì padà wálé. Ẹ̀rọ náà tàn, ó béèrè.

"Fèrèsé," Habbo ní. Ọ̀rọ̀ náà já geere.

A kọjú sí fèrèsé. Òjò ń rọ̀ sórí odò. Mo gbọ́ tí kíbọ́ọ̀dù ń dún, ó dún fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́.

"Rárá," ó ní.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ síwájú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, ó tún dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń wá a lórí, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Imke di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé ó dùn mí.

"Habbo," mo ní, n kò yíjú, "mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ. Páswọ́ọ̀dù mi ṣì wà nínú ìwé oúnjẹ."

Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún.

"Ojú ewé kan náà. Ọjọ́ tí o fà á ya gan-an ni mo kọ òmíràn. Ti báǹkì náà wà níbẹ̀."

"Kí ni?"

"Mo fi bíírò pupa fàlà sí i nídìí kí n lè tètè rí i."

"Frauke," ó ní. "Ìwọ... ìwọ obìnrin yìí. Olórí kunkun. Láti iléèwé ni. Mo sọ fún ọ, àbí n kò sọ fún ọ? Kéèkì ápù! Gbogbo abúlé ló ń jẹ kéèkì rẹ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń ní kí o jẹ́ kí òun rí bí o ṣe ń ṣe é, ìwọ á sì gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́..."

Abẹ́ ìbínú rẹ̀ ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀. Yìnyín lórí páànù, kò dúró, kò sáré, ó ń lọ tààrà. Onno gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá dákẹ́ òun náà á dákẹ́.

"Onno nìkan ló rí i," mo ní.

"Ẹnìkan ti pọ̀ jù! Ogójì ọdún ni mo fi ṣọ́ afárá, bí mo bá ní ẹnìkan péré ló..."

Mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnnì ńlá ìkẹyìn.

Kò sẹ́ni tó yíjú. Òfin ni òfin, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa ní ó tó. Ó pẹ́ gan-an. Mo ka ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ etí odò, mo tún wọn kà. Nígbà tó yá, ohùn Habbo dún lẹ́yìn wa, ó rọra ń ka ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin. Òjò láti òwúrọ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́... ti dé. Habbo ní òun kò rí i. Habbo kì í... wo òkè."

Imke ló kọ́kọ́ yíjú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti Onno tún ń wo odò. Ojú mi kò ríran dáadáa fún ìgbà díẹ̀.

Ó ka gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó mu ife kẹta tán, ó fi ṣíbí sínú rẹ̀ pé ó tó òun. Ó wá ṣí ojú ewé òfìfo kan lórí ẹ̀rọ, níbi tí ohun tí a bá tẹ̀ ti máa ń hàn.

"Fèrèsé," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Frauke. Bí mi nínú."

"Mò ń fi páswọ́ọ̀dù kan ti ilé méjì," mo ní.

"Mo mọ̀!" ó ní, kíbọ́ọ̀dù sì ń dún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Áà. Òun rèé," bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Kò tíì ní ká yíjú. Mo gbọ́ tí bíírò ń họ lórí bébà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì gùn.

"Ó tó," ó ní.

Bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a, ó tún un ká, ó tún un ká, títí ó fi kéré bí sítáǹpù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ó nà á sí mi. Kò wo ojú mi.

"Ojú ewé kéèkì," ó ní.

"Ṣé o ò bẹ̀rù pé n ó kà á?"

Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí. Mo ní sùúrù fún un.

"Ọdún méjìdínlógójì," ó ní. "O kò ṣí ọ̀kan rí."

Mo fi í sí àpò àyà mi, níbi tí mo máa ń fi lẹ́tà tó ṣe pàtàkì sí, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé nínú òjò. Ó wà nínú ìwé oúnjẹ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. N kò tíì ṣí i.